Àbúrò Ẹni Tó Ṣe Fergal Léṣe

Fergal Mannion ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwòsàn dé, ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní orúnkún, nígbà tí ọmọbìnrin kan kan ilẹ̀kùn nínú òjò. Ìyá Fergal ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Fergal fi ọ̀pá méjì abẹ́ apá rẹ̀ wọ́ dé ẹnu ọ̀nà. Ọmọbìnrin náà gbé àkàrà òyìnbó tí wọ́n fi èso ápù ṣe dání.

"Nóirín Joyce ni mí," ló wí. "Ẹ̀gbọ́n mi Malachy ló ṣe ọ́ léṣe. Ojú ń tì í, kò lè wá. Ni mo bá ní kí n wá bẹ̀ ọ́."

Láti ọjọ́ tí Malachy ti kọlù ú lórí pápá bọ́ọ̀lù, tí iṣan orúnkún rẹ̀ fi já, ni Fergal ti ń to èébú jọ de ẹnikẹ́ni tó bá ti ilé Joyce wá. Ó wo omi òjò tó ń kán láti irun ọmọbìnrin yìí sórí àkàrà. Èébú kò jáde mọ́.

"Àkàrà yẹn á rẹ o," ló kàn sọ. "Wọlé."

Nóirín ń ṣiṣẹ́ nílé ìtajà oògùn ní ìlú Galway, ibẹ̀ náà sì ni Fergal ti ń lọ ṣe eré ìdárayá tí yóò mú ẹsẹ̀ rẹ̀ le. Nóirín ní òun á máa fi mọ́tò òun gbé e lọ. Ìyá Fergal kò fẹ́ ẹ rárá. Bí mọ́tò Nóirín bá ti dúró níwájú ilé, màmá á yí rédíò sókè kó má baà dáhùn ìkíni rẹ̀. Ó ní ilé tó ṣẹ́ ọmọ òun lẹ́sẹ̀ kò tún gbọdọ̀ gba ọkàn rẹ̀ lọ.

Ọkàn ọ̀hún ti lọ ná. Ọ̀rọ̀ ẹja ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà òtútù tí Fergal ò lè jáde lọ pẹja, ó ń fi ìyẹ́ àti òwú wé ìwọ̀ kó lè jọ kòkòrò. Ó ń sọ fún Nóirín nípa ẹja tíráùtì, ẹja olámì pupa tó ń sùn nísàlẹ̀ adágún Corrib títí ooru á fi padà. Ó ní nígbà ìrúwé, bí kòkòrò dúdú wẹ́wẹ́ bá ti jáde, ẹja á máa yọ ẹnu sókè jẹ wọ́n, omi á sì máa ṣe òrùka òrùka. Etí adágún ni wọ́n ti bí Nóirín, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù nìkan ni wọ́n mọ̀ nílé wọn. Kò wọ ọkọ̀ ojú omi rí.

"Ìwọ lo máa tu ọkọ̀ wa," ni Fergal wí. "Èmi aláìsàn, màá jókòó."

"Olówó orí mi ti dé," ni Nóirín fi dá a lóhùn, àwọn méjèèjì sì mọ̀ pé àwàdà náà kì í ṣe àwàdà mọ́.

Nígbà tó yá, dókítà wá la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní orúnkún náà á gbé Fergal dé ibi gbogbo láyé, àmọ́ kò ní gbá bọ́ọ̀lù fún ìlú rẹ̀ mọ́. Nígbà tí Nóirín ń fi mọ́tò gbé e padà, tí ilé kù dẹ̀dẹ̀, Fergal yíjú sí i.

"Ilé yín ló ba ayé mi jẹ́," ló wá sọ.

Nóirín wakọ̀ dé ẹnu ọ̀nà wọn. Ó ṣílẹ̀kùn fún un, ó fún un lọ́pàá rẹ̀.

"Mo ti bẹ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, Fergal. Mi ò lè máa bẹ̀ ọ́ títí ayé."

Kò padà wá mọ́. Àsìkò ẹja dé, àwọn apẹja wọ inú adágún, ọkọ̀ Fergal dojú délẹ̀ létí omi. Oúnjẹ ò lọ lẹ́nu rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyá rẹ̀ gbé tíì síwájú rẹ̀, ó jókòó tì í.

"Èmi ni mo kọ́kọ́ ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn," ni màmá wí. "Ṣùgbọ́n ìgbà tí o sọ fún mi pé ó ti ẹnu tìẹ jáde sí Nóirín, mo rí i bó ṣe burú tó. Ọmọ yẹn ò ṣẹ̀ ọ́. Dìde, ọmọ mi."

Fergal rìn dé ilé Joyce, orúnkún ń ro ó bó ṣe ń gun òkè. Malachy ló ṣílẹ̀kùn, kò lè gbójú sókè. Fergal na ọwọ́ sí i, ó ní bọ́ọ̀lù ló fà á, òun kò bínú mọ́. Malachy di ọwọ́ náà mú, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Nóirín dúró lẹ́yìn rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín.

"Ìbànújẹ́ mi ni mo fi lù ọ́," ni Fergal wí fún un, "nítorí ìwọ lo sún mọ́ mi jù. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

"Lọ́jọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ bá wá gba ife ẹ̀yẹ, tí ìwọ ń wò wọ́n ńkọ́?" ni Nóirín bi í.

"Á dùn mí. Màá sọ fún ọ pé ó ń dùn mí. Mi ò ní sọ pé ìwọ lo fà á."

Nóirín ronú sí i. Lẹ́yìn náà ló lọ mú bàtà òjò rẹ̀, ó ní kí àwọn lọ síbi ọkọ̀ náà.

Òun àti Malachy ló bá Fergal yí ọkọ̀ náà padà tí wọ́n sì kùn ún. Lọ́jọ́ tí kòkòrò dúdú jáde, ìyá Fergal tẹ̀ lé wọn dé etí omi. Ó bọ́ kóòtù ara rẹ̀ fún Nóirín. "Wọ̀ ọ́, ìyàwó mi," ló wí, "òtútù ń bẹ lórí omi." Bó ṣe sọ ọ́ tán, ó kọjú sí ibòmíràn bí ẹni tí kò sọ nǹkan kan.

Nóirín tu ọkọ̀ náà wọ́gọwọ̀gọ dé ibi tí òrùka wà lójú omi. Fergal ju ìwọ̀ sómi, ó sì gbé ọ̀pá ìpẹja lé Nóirín lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí ọ̀pá tẹ̀. Nóirín fà á, ẹja fà á, wọ́n ń fa ara wọn títí ẹja náà fi yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, pẹ̀lú ikùn rẹ̀ tó ń dán bíi wúrà, ó sì já lọ. Nóirín rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú.

"Nóirín, àyànfẹ́ mi," ni Fergal wí, "ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Fergal, àjẹ̀ wa kan ń lọ o."

Lóòótọ́ ni, ọ̀kan nínú àjẹ̀ méjì tí wọ́n fi ń tukọ̀ ti bọ́ sómi, ó ń léfòó lọ. Wọ́n fi èyí tó kù tu ọkọ̀ lé e, ọkọ̀ náà ń yí òbìrí bí adìẹ tó fẹ́ yé ẹyin, ìyá Fergal sì ń pariwo léèbúté pé kí ni wọ́n ń ṣe. Kí ọwọ́ wọn tó tẹ àjẹ̀ náà, Nóirín ti ní bẹ́ẹ̀ ni.