Wọ́n Ní Bàbá Rìnrìn Àjò

Mojíre ń fọnu lọ́wọ́ lẹ́yìn ilé wọn ní Ìrémọ, ní Ifẹ̀, nígbà tí ó gbọ́ ìró ilẹ̀kùn ọkọ̀. Kí ó tó dé iwájú ilé, ọkùnrin mẹ́rin ti di bàbá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Àjàgbé, lápá mú. Wọn kò wọ aṣọ ọlọ́pàá tàbí ti ológun, ṣùgbọ́n ìbọn wà lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn. Bàbá kò tilẹ̀ ráyè wọ bàtà. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tẹ ìwé tí wọ́n fi bu ẹnu àtẹ́ lu ìjọba ológun, lọ́dún 1996.

"Ìwọ ọmọ yìí, o ò rí nǹkan kan o," ni ẹni tó gbé ìbọn wí, wọ́n sì fi ọkọ̀ gbé bàbá lọ.

Nígbà tí ìyá ti ibi omi dé, tí ó gbọ́, ó ṣe ohun tí àwọn ará ilé rẹ̀ máa ń ṣe: ó bo àṣírí. Ta ni yóò jẹ́ kí ayé gbọ́ pé ọkọ òun wà ní àtìmọ́lé? Ó sọ fún àwọn aládùúgbò pé ọkọ òun rìnrìn àjò lọ sí Jọ́ọ̀sì. Ohun kan náà ni ó sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ìjọ sì gbàdúrà fún ìpadàbọ̀ ayọ̀. Mojíre náà ṣe àmín.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Bí ọkọ̀ bá ti dúró níta, Mojíre á sáré lọ yọjú ní fèrèsé. Kò lè jẹun, kò lè kàwé, bẹ́ẹ̀ ni ìdánwò àṣekágbá kù sí dẹ̀dẹ̀.

Nígbẹ̀yìn, ìyá lọ bá Amòfin Àníkẹ́ Lágúnjú ní Ìlárè, obìnrin tó máa ń gbèjà àwọn tí a tì mọ́lé. Amòfin kọ̀wé sí àwọn agbófinró. Èsì wọn mú kí ìyá bú sẹ́kún: wọ́n ní àwọn kò mú ẹnikẹ́ni, àti pé ìyàwó ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló ń sọ káàkiri pé ó wà ní Jọ́ọ̀sì.

"Ìyá, ẹ má bínú o, ẹ̀yin lẹ fi irọ́ yẹn lé wọn lọ́wọ́," ni amòfin wí.

Ó ṣàlàyé pé òfin ilẹ̀ wa kò gbà kí a ti ènìyàn mọ́lé láìgbé e lọ sí kóòtù. Bí àwọn ológun bá sì fẹ́ di kóòtù lọ́wọ́, Nàìjíríà ti bá àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà fọwọ́ sí àdéhùn lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, àwọn ẹgbẹ́ kan sì wà lókè òkun tí wọ́n máa ń kọ̀wé nítorí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ búra ní kóòtù. Mojíre nìkan ni ó ṣojú rẹ̀.

Nígbà tí Habibah, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì, gbọ́, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ṣé orí ẹ pé ṣá? Àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ ń ka ìwé ìdánwò, ìwọ ń wá ẹni tó máa gbé ẹ lọ."

Mojíre kúnlẹ̀ gbàdúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ títí orúnkún fi ń dùn ún. Ẹ̀rù náà kò lọ. Pẹ̀lú ẹ̀rù náà ló fi lọ.

"Bàbá mi kò rìnrìn àjò," ni ó wí níwájú akọ̀wé kóòtù. "Wọ́n gbé wọn lójú mi, láìwọ bàtà." Nígbà tí ó búra tán, ó fọwọ́ sí ìwé náà.

Ohun tó tẹ̀lé e kò dùn. Ọkọ̀ kan tí wọn kò mọ̀ dúró ní iwájú ilé wọn fún ọjọ́ mẹ́rin. Àwọn aládùúgbò kan kò kí wọn mọ́. Mojíre ń wo ojú fèrèsé nínú gbọ̀ngàn ìdánwò títí àkókò fi pé. Ó fìdí rẹmi nínú ìṣirò. Adájọ́ pàṣẹ pé kí wọ́n gbé bàbá wá, wọn kò gbé e wá. Ṣùgbọ́n Amòfin Lágúnjú ti fi ìbúra ọmọ náà ránṣẹ́ sókè òkun, àwọn tí kò mọ ọ̀nà Ifẹ̀ rí sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí ìjọba nípa Àjàgbé àti ohun tí Mojíre rí.

Ní oṣù kẹfà tí wọ́n ti gbé e lọ, wọ́n tú bàbá sílẹ̀, ó sì wọlé. Ó rù, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun.

"Wọ́n ní ẹ ti gbàgbé mi," ni ó wí. "Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá wọn gbé ìdì lẹ́tà wọlé, ó bínú, ó ní ta ní ń jẹ́ Mojíre. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé n ò ní kú síbẹ̀."

Ẹ̀yin ọmọ mi, òfin ilé dára, àdéhùn àgbáyé dára, ṣùgbọ́n wọn kò lè gba ẹni tí àwa fúnra wa fi pa mọ́ là. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ọlọ́run tí í gbọ́ ìkérora òǹdè ń fẹ́ kí a sọ òtítọ́, ẹ̀rù ì báà máa bà wá.