Èéfín Tí Wọ́n Fi Ń Lé Àjẹ́

Kí wọ́n tó kírun àárọ̀ tán ni Ṣẹ̀rífátù, ìyàwó àkọ́kọ́ Bísíríyù, kú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ikùn rẹ̀ wú, kò sì rí ìtọ̀ tọ̀. Ta ló ti ìtọ̀ mọ́ ọn nínú? Gbogbo abúlé ní Susannah ni, opó Ìlàjẹ tó ń dá gbé yàrá ẹ̀yìnkùlé wọn. Kò bímọ, kò ní ará nítòsí. Ẹyẹ dúdú kan máa ń bà sórí òrùlé rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ìfun ẹja tó ń dà nù ni ẹyẹ ń wá jẹ, àmọ́ ta ló bi í?

Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ Mùlíkátù, ìyàwó kejì, náà wú, òun náà ò sì rí ìtọ̀ tọ̀ mọ́. Ẹja lòun àti ìyálé rẹ̀ jọ ń yan láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Fàlílátù, ẹ̀gbọ́n ọkọ wọn, ní kí wọ́n tẹ́ ẹní fún un nínú ilé ẹja, kí wọ́n ti fèrèsé, kí wọ́n koná igi tútù. Ó ní àjẹ́ kì í fara da èéfín.

Susannah ń gbọ́ ikọ́ Mùlíkátù láti yàrá rẹ̀. Tó bá kí wọn, wọn kì í dáhùn.

Láàárọ̀ tí wọ́n ní kó kó kúrò lábúlé, ó ṣí ilẹ̀kùn ilé ẹja gbayawu.

"Ìyá Ìlàjẹ, o fẹ́ parí iṣẹ́ rẹ ni?" Fàlílátù kígbe.

"Ṣé ẹ fẹ́ yan ìyàwó yín mọ́ ẹja ni? Ẹrù mi ti wà nínú ọkọ̀. Ẹ jẹ́ n gbé e dé ọsibítù l'Ẹ̀pẹ́."

"Kó o lè jẹ ẹ́ lójú omi?"

Mùlíkátù gbórí sókè, ó wo ọkọ rẹ̀. "Baálé mi, ẹ jẹ́ n bá a lọ. Tó bá jẹ́ òun ni àjẹ́ náà, ó kúkú ti pa mí tán."

Bísíríyù, ọkọ rẹ̀, bá wọn wọ ọkọ̀, ó mú àdá dání.

Dókítà fetí sí àyà Mùlíkátù, ó wo iṣan ọrùn rẹ̀ tó yọ.

"Èéfín ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́," ó ní. "Iṣan ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ há, ọkàn ń fi tipátipá ti ẹ̀jẹ̀ gba ibẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹ̀jẹ̀ wá ń kún padà, ó ń tẹ kíndìnrín. Kíndìnrín ò wá lè sẹ́ omi jáde mọ́. Kò sẹ́ni tó ti ìtọ̀ mọ́ ọn nínú."

Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. Susannah dúró títí ìtọ̀ fi jáde.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká padà sílé," Bísíríyù ní.

"Ilé ta ni?"

Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ.

Mùlíkátù kò yan ẹja mọ́. Nírọ̀lẹ́, ó máa ń kó ìfun ẹja dà sẹ́yìn yàrá Susannah tó ṣófo. Ẹyẹ dúdú náà ṣì ń wá. Fàlílátù wo ẹyẹ, ó wo ìyàwó, ó sì wọlé láìkí i.