Haziq Ti Dàgbà Ju Inú Buai Lọ

Ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ni, èrò sì kún ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní Marang, ìlú apẹja kan létí òkun, bámúbámú. Láàárín ogunlọ́gọ̀ ìyá ọlọ́mọ, ojú Rosnani àti ti nọ́ọ̀sì tuntun ṣe mẹ́rin. Wọn ò mọ ara wọn rí. Ojú nọ́ọ̀sì rọra sọ̀kalẹ̀ sórí kókó tó wú níwájú orí Haziq, ọmọ Rosnani, tó jẹ́ ọmọ ọdún méjì ààbọ̀. Kíá ni Rosnani fi etí ìborùn rẹ̀ bò ó.

"Ìyá ọmọ, kí ló ṣe é lórí?"

"Inú buai ló ti já bọ́, nọ́ọ̀sì." Buai ni aṣọ tí wọ́n fi sípíríǹgì so rọ̀ mọ́ igi àjà, tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ jòjòló sùn.

"Buai kẹ̀? Géńdé tó kù díẹ̀ kó hu irùngbọ̀n yìí?" Nọ́ọ̀sì Kamariah bú sẹ́rìn-ín.

"Mo ti fi sípíríǹgì kejì kún un kó lè gbé e."

"Sípíríǹgì mẹ́wàá ò ní kó má dìde dúró nínú aṣọ tó ń fì dirodiro. Bí igi àjà bá wá já ńkọ́?"

Rosnani dorí kodò. Sárọ́ǹgì, ìró tí Zahid ọkọ rẹ̀ máa ń ró, ló fi ṣe buai náà. Zahid ti bá ọkọ̀ apẹja ńlá lọ láti ìgbà òjò. Bí Rosnani bá ti ń mi ọmọ náà nínú buai, á gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé aṣọ náà, bí ẹni pé àyà ọkùnrin náà ló fara tì.

"Ẹ má bínú," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ọmọ kọ́ ni ò fẹ́ kúrò ńbẹ̀. Èmi ni. Aṣọ bàbá ẹ̀ ni."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu nọ́ọ̀sì. Ó jókòó tì í. "Àbúrò mi, àárò ọkọ kì í ṣe kékeré. Àmọ́ ṣé ọmọ tó forí fọ́ lo fẹ́ kí bàbá ẹ̀ wá bá nílé? Tú u. Tẹ́ aṣọ náà sórí bẹ́ẹ̀dì pẹlẹbẹ nílẹ̀, kó jìnnà sí fèrèsé. Oorun ọ̀sán ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Bó bá dìde, má jágbe mọ́ ọn, fà á lọ́wọ́ padà jẹ́jẹ́."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Rosnani tú buai. Haziq figbe ta, ó ń nawọ́ sókè àjà. Ọwọ́ ìyá ń yún un láti tún un so, ṣùgbọ́n ó fa ọmọ padà sórí bẹ́ẹ̀dì, ó tún fà á padà.

"Bẹ́ẹ̀dì Haziq rèé. Ọkùnrin ńlá ló ń sùn níbẹ̀."

Nígbà tó yá, ọmọ náà dojú bolẹ̀, ó fa sárọ́ǹgì mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó fa òórùn rẹ̀ símú.

"Ayah," ló pè, bó ṣe máa ń pe bàbá rẹ̀. Ó sì sùn lọ.

Omi lé ròrò sójú Rosnani. Àṣé òun nìkan kọ́ ni àárò ń sọ.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ti lè dìde dúró nínú buai, ẹ tú u. Ẹ má fi sípíríǹgì kún sípíríǹgì. Ẹ tẹ́ ibùsùn rẹ̀ sílẹ̀, ẹ jókòó tì í, ẹ ní sùúrù títí á fi mọ́ ọn lára. Bí ọkàn yín bá sì ń fà sí ẹni tó jìnnà, ẹ gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà. Ẹ má so ó kọ́ àjà.