Àmì Ọjọ́rú

Ìṣẹ́jú fi iyanrìn ha inú abọ́ amọ̀ náà títí ìka rẹ̀ fi pọ́n. Ó da omi ìdọ̀tí sí ìdí igi gúáfà, ó fi omi mímọ́ ṣan abọ́ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì rọ omi tuntun sí i. Lẹ́yìn náà ló bu ẹ̀kúnwọ́ ọkà bàbà kan, kan ṣoṣo, ó fọ́n ọn sórí pákó tí wọ́n kàn mọ́ òpó láàrin ọgbà. Kò tíì yí ẹ̀yìn tán tí àwọn ológoṣẹ́ fi já wálẹ̀ pẹ̀lú ariwo, bí ọmọ iléèwé tí tíṣà wọn ò sí ní kíláàsì.

Ó wọ ilé ìdáná, ó mú bírò tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó sì fi àmì sí Ọjọ́ Ẹtì lórí páálí tí Baba ní kí wọ́n kọ orúkọ ọjọ́ ọ̀sẹ̀ méjì sí, kí wọ́n fi kọ́ síbẹ̀. Ọjọ́ karùn-ún nìyẹn.

Baba Aláago ló ni ilé àti ọgbà náà. Ogójì ọdún ló fi tún aago ṣe kí awọ funfun tó bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì. Àwọn ẹyẹ yìí ló kù fún un. Kò rí wọn, gbígbọ́ ló ń gbọ́ wọn. Àdàbà ẹlẹ́sẹ̀ kan wà láàrin wọn tó máa ń bà lé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ jẹun. Ọ̀gá ni Baba ń pè é, ó ní nínú gbogbo wọn, òun nìkan ló ń débi iṣẹ́ ní agogo méje géérégé.

Nígbà tí Baba ń lọ fún iṣẹ́ abẹ ojú nílùú mìíràn, ọmọ aránṣọ ilé kejì ló fún ní kọ́kọ́rọ́. Òun náà ló sọ ọ́ ní Ìṣẹ́jú, nítorí kì í lè jókòó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ẹ̀kúnwọ́ kan láàárọ̀, ẹ̀kúnwọ́ kan nírọ̀lẹ́," Baba wí. "Èyí tí wọ́n bá jẹ kù, gbá a dànù. Ọkà tó bá tutù á bu, èyí tó bá sì bu, májèlé ni. Kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ náà, kí o tó fi àmì sí i."

"Ẹ má mikàn, Baba. Ṣé ẹyẹ ni mo fẹ́ tọ́jú ni àbí ọba?"

"Ẹyẹ ni. Bí ebi bá ń pa ọba, ó lè ránṣẹ́. Ẹyẹ ò lè ránṣẹ́." Baba rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Bí ojú yìí bá là, ìwọ ni mo máa kọ́ níṣẹ́ aago."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ìṣẹ́jú lára ju gbogbo ìyókù lọ. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tó tú aago ìyá rẹ̀ palẹ̀ tí kò lè tò ó padà. Láti ọjọ́ náà, kò sí iṣẹ́ mìíràn tó wù ú.

Ó ń ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná lọ́wọ́ nígbà tí ẹnì kan kígbe lẹ́nu géètì.

"Ìyá ẹyẹ! Ìwọ la ń wá kiri o!"

Ọmọ kíláàsì rẹ̀ ni, èyí tí gbogbo wọn ń pè ní Aláfẹ́. Ó ti wọ gíláàsì dúdú, oòrùn ò sì tíì ràn.

"Ìdánwò ti parí," ni Aláfẹ́ wí. "Àǹtí mi ní ká wá lo ìsinmi nílé òun létí òkun. Mọ́tò ń bọ̀ lọ́sàn-án yìí, Ọjọ́rú la ó padà."

"Mi ò lè lọ. Ta ló máa fún àwọn wọ̀nyí lóúnjẹ?"

"Da èyí tó máa tó wọn sílẹ̀. Ṣé ẹyẹ máa ń ka ẹ̀kúnwọ́ ni? Bóyá kí o tún bá wọn fọ eyín." Ó fẹ̀yìn ti géètì, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, dúró tì wọ́n. A ó ya fọ́tò, wàá wò ó."

Fọ́tò yẹn ló mú un. Kò fẹ́ jẹ́ ẹni tí yóò máa wo ayé àwọn ẹlòmíràn nínú fọ́tò.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kò mọ ohun tó yẹ. Páálí wà níwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ Baba sì wà létí rẹ̀. Síbẹ̀, ó gbé àpò ọkà jáde, ó dà á sórí pákó títí ó fi ga bí òkìtì ọ̀gán. Ó wá bọ́ọ̀lì ńlá kan, ó rọ omi kún un dé ẹnu. Lẹ́yìn èyí ló padà sídìí páálí, ó sì fi àmì sí Àbámẹ́ta, Àìkú, Ajé, Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú lẹ́ẹ̀kan náà, wéréwéré, bí ẹni tó ń gé ilá. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé nítorí kí òun má baà gbàgbé ni.

Ìyá rẹ̀ wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, aṣọ iléèwé tí wọn ò tíì parí kún itan rẹ̀.

"Àwọn ẹyẹ Baba ńkọ́?"

"Mo ti ṣe gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, Màámi."

Abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu ìyá náà, orí ló fi dá a lóhùn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, òjò ńlá rọ̀. Létí òkun, Ìṣẹ́jú gbọ́ ọ lórí páànù, ó sì dá ìjẹun dúró. "Ọkà yẹn á ti tutù," ló wí.

"Òjò ibí kọ́ ni òjò ọ̀hún," ni Aláfẹ́ dáhùn. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ó sì ń jẹun lọ.

Nígbà tó dé ní àárọ̀ Ọjọ́rú, ó bá géètì ní ṣíṣí. Ó rò pé òun ló gbàgbé láti tì í. Òórùn kíkan ló kọ́kọ́ kí i. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ ọgbà náà. Òkìtì ọkà ti rì sára pákó, ó dúdú, ó sì ti hu irun funfun. Omi inú bọ́ọ̀lì ti di àwọ̀ ewé.

Baba Aláago jókòó sórí àpótí lábẹ́ igi gúáfà. Ó tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀ níwájú rẹ̀, òkú ẹyẹ márùn-ún sì wà lórí rẹ̀.

Ìṣẹ́jú kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, Baba. Mo rò pé... mo rò pé Ọjọ́ Ẹtì lẹ ní ẹ máa dé."

"Dókítà ní iṣẹ́ náà dára ju bí àwọn ṣe rò lọ. Ó ní kí n máa lọ sílé lọ wo ohun tó ń wù mí í wò. Ìrọ̀lẹ́ àná ni mo dé." Ó tẹjú mọ́ ọn fún ìgbà pípẹ́. "Bí o ṣe rí nìyí. Mo rò pé o ga jù báyìí lọ."

Ọmọbìnrin náà ò lè gbójú sókè.

"Páálí ni mo kọ́kọ́ kà," ni Baba ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ọdún mẹ́fà rèé tí mi ò ti ka nǹkan kan. Àmì wà lórí Ajé. Àmì wà lórí Ìṣẹ́gun. Inú mi dùn. Mo ní, ọmọ yìí ò já mi kulẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo rí àmì lórí Ọjọ́rú." Ó nàka sí ilẹ̀kùn ilé ìdáná. "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la ṣì wà nígbà náà, Ìṣẹ́jú. Ọjọ́rú ò tíì mọ́."

Àwọn àgbà ní irọ́ lè sáré fún ogún ọdún kí òtítọ́ tó lé e bá. Ti Ìṣẹ́jú ò tiẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ kan.

"Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí. Òjò ló..."

"Òjò? Ṣé òjò ló mú bírò?"

Baba na ọwọ́ sí àdàbà kan lórí ìwé ìròyìn. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ní.

"Wò ó. Mi ò mọ̀ pé ìlà dúdú wà lọ́rùn rẹ̀. Gbogbo ìgbà tó fi ń jẹun lọ́wọ́ mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀."

Ìṣẹ́jú bú sẹ́kún. Baba ò pariwo mọ́ ọn, ì bá sì sàn kó pariwo.

"Ẹkún kì í fọ abọ́," ló wí. "Kànrìnkàn wà níbi tó máa ń wà."

Ó ṣiṣẹ́ títí di ọ̀sán. Ó gbẹ́ ihò jíjìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó tẹ́ àwọn ẹyẹ náà sí i, ó da ọkà bíbu náà lé wọn lórí, ó sì fi iyẹ̀pẹ̀ bò wọ́n kí ẹyẹ mìíràn má baà rí i jẹ. Ó fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ pákó náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá rẹ̀ gbórí sókè láti orí ògiri, tépù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Nígbà tí mo bi ọ́, kí lo wí fún mi?"

"Mo ní mo ti ṣe gbogbo ẹ̀ sílẹ̀."

"O ṣe é sílẹ̀ lóòótọ́. Òun nìyẹn." Ó yíjú sí Baba, ó kúnlẹ̀ síbi tó wà, ó bẹ̀ ẹ́ títí. Baba ní kó dìde, ẹ̀bi rẹ̀ kọ́.

Ìṣẹ́jú fi iyanrìn ha abọ́ amọ̀, ó rọ omi tuntun sí i, ó sì fọ́n ẹ̀kúnwọ́ ọkà kan sórí pákó. Òun àti Baba ń wo pákó náà. Ẹyẹ kankan ò wá.

"Baba, ẹ jẹ́ kí n máa wá láràárọ̀ wá fọ abọ́ náà."

"Mo ti ń ríran báyìí. Èmi fúnra mi á máa fọ̀ ọ́."

"Iṣẹ́ aago ńkọ́, Baba?"

Baba mí kanlẹ̀. "Ẹni tó bá gbé aago wá fún wa, ọ̀rọ̀ tí aago bá sọ lẹ́yìn tí a tún un ṣe ló máa gbà gbọ́. Mo ti dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè mú ẹni tó ń fi àmì sí ọ̀la jókòó sídìí aago aláago."

Òótọ́ tí Ìṣẹ́jú gbé kúrò níbẹ̀ rèé, kí ọ̀dọ́ tó bá gbọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́: iṣẹ́ tí a ò ṣe ń dúró dè wá, bí a tilẹ̀ fi ọgọ́rùn-ún àmì sí i. Ẹ̀bẹ̀ lè gba ìdáríjì wá, ṣùgbọ́n kò lè jí àdàbà dìde.

Ó fọ ọwọ́ rẹ̀. Ó dá kànrìnkàn padà síbi tó máa ń wà. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí náà, ó jáde, ó sì rọra ti géètì lẹ́yìn ara rẹ̀.