Obìnrin Inú Bébà Fẹ́lẹ́

Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kí ó bi Philomena Tizzard. Ojú rẹ̀ ló ṣe, kì í sì í ṣe ẹni tó ń fi àbùmọ́ sọ̀rọ̀.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Leander Pardy ti fi ń tọ́jú àwòrán títẹ̀ ní St. John's, ní Newfoundland. Kì í wọ ìbọ̀wọ́. Ìbọ̀wọ́ kì í jẹ́ kí ìka mọ ibi tí bébà ti fẹ́ ya. Yóò fọ ọwọ́, yóò nù ún gbẹ, yóò sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé bébà ní igun méjì.

Bride ìyàwó rẹ̀ ló máa ń gbẹ́ pátákó, tí yóò fi tàdáwà tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Kí ó tó kú ní oṣù kẹwàá, ó tẹ àwòrán ilé kan létí omi. Obìnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kẹ̀yìn sí wa. Bride fúnra rẹ̀ ni. Ẹ̀dà méjìlá ló tẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ṣe bí wọ́n ti ń ṣe: ó fi ọ̀bẹ fa ìlà gbọọrọ méjì la ojú pátákó náà kọjá, kí ẹnikẹ́ni má lè tẹ òmíràn mọ́. Mọ́kànlá ti lọ. Ìkejìlá wà nínú dúróà Leander, bébà fẹ́lẹ́ kan sì bo ojú rẹ̀. Kò sí àwòrán Bride mìíràn nínú ilé. Kì í gbà kí wọ́n ya òun ní fọ́tò.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kejì, yìnyín dí ojú fèrèsé. Ilé pa lọ́lọ́. Leander fa dúróà. Ó ṣí bébà fẹ́lẹ́.

Tàdáwà wà lára rẹ̀.

Tàdáwà àwòrán náà ti gbẹ láti oṣù kẹjọ. Síbẹ̀ ó ń rùn, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ni. Bàtà méjì ló wà lára bébà fẹ́lẹ́. Ó wo àwòrán. Obìnrin náà kò lẹ́sẹ̀ mọ́.

Àmì tí àwòrán bá fi sára bébà míì máa ń yí ọ̀tún sí òsì. Kì í yí ẹ̀yìn sí iwájú. Ṣùgbọ́n iwájú bàtà méjèèjì kọjú sí Leander.

Ó fi bébà fẹ́lẹ́ mìíràn bò ó. Lọ́jọ́ kejì, obìnrin náà ti lọ títí dé ìbàdí. Ó tún pààrọ̀ bébà fẹ́lẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, ó dé ọrùn. Bọ́tìnì mẹ́fà wà láyà aṣọ rẹ̀ lórí bébà fẹ́lẹ́ náà. Bride kò gbẹ́ bọ́tìnì kankan.

Ní Ọjọ́bọ̀, Philomena, ẹ̀gbọ́n Bride, gbé búrẹ́dì díndín wá.

"Ọkọ àbúrò mi, ojú rẹ gbẹ bí ẹja pánla. Ṣé o ti jẹun?"

"Ẹ gbé e kúrò níbí, ẹ̀gbọ́n. Òróró á ba bébà jẹ́."

"Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ọkùnrin yìí! Ebi ni yóò pa ọ́, kì í ṣe òróró."

Leander tẹ́ bébà fẹ́lẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú rẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lójú Philomena.

"Orí nìkan ló kù," ni Leander wí. "Tí mo bá tún bò ó, màá rí ojú rẹ̀ lọ́la."

"Tó bá kàn lọ ńkọ́? Orí yẹn ló ṣẹ́kù fún wa. Má bò ó. Ti dúróà, kí o fi kọ́kọ́rọ́ sí i."

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti ń gbàgbé ojú rẹ̀."



Leander lọ fọ ọwọ́. Philomena gbọ́ ìró omi. Omi dá. Leander padà dé, ó nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ. Kò mú bébà fẹ́lẹ́. Ó ṣe ohun tí kò ṣe rí láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún lé ojú àwòrán, lórí orí obìnrin náà gan-an.

"Leander!"

Kò mira. Yìnyín já bọ́ láti orí òrùlé. Lẹ́yìn èyí, kò sí ìró kankan.

Nígbà tó gbé ọwọ́ kúrò, ilé wà níbẹ̀. Omi wà níbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ṣófo.

Philomena gbá ọwọ́ náà mú, ó yí i padà. Kò sí tàdáwà níbẹ̀. Àwọn ìlà ọwọ́ rẹ̀ pàápàá kò sí níbẹ̀ mọ́. Àtẹ́lẹwọ́ náà ń dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́, bí bébà tí wọn kò tíì tẹ nǹkan sí.

"Ṣé o rí ojú rẹ̀?" Ó bi í jẹ́jẹ́.

"Rárá," ni Leander wí. "Òun ló rí mi."

Ó rọra pa ọwọ́ náà dé, bí ẹni tó mú ọwọ́ ẹlòmíràn dání.