Ọrun Ambrose

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa wọ́n pọ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀rín rere.

Ọjọ́ Sátidé kan ni, lẹ́yìn tí wọ́n ti wa iṣu tán, nígbà tí àwọn tafàtafà Èsìẹ́, Arandun àti Ìsánlú-Ìsin máa ń pàdé ní pápá ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ láti ta ọfà. Ká sòótọ́, ẹnu ni wọ́n máa ń fi ta jù. Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, báàgì kékeré kan ló gbé dání. Gbogbo ènìyàn ń wá ọrun rẹ̀ títí. Ó jókòó sórí gbòǹgbò igi máńgòrò, ó ṣí báàgì, ó mú ìdìmú ọrun jáde, ó mú apá kan jáde, ó tún mú èkejì, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi nọ́ọ̀tì dè wọ́n pọ̀ bí ẹni tó ń to bẹ́ẹ̀dì ìyàwó tuntun.

Pápá dà rú fún ẹ̀rín. Wọn ò tíì bèèrè orúkọ rẹ̀ tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Onínọ́ọ̀tì.

Rúùtù náà rẹ́rìn-ín. Ó wà lábẹ́ ibòòji pẹ̀lú ike omi tó gbé wá fún bàbá ọkọ rẹ̀, ẹ̀rín náà sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Láti ìgbà tí Ambrose ọkọ rẹ̀ ti kú, kò rántí ìgbà tó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ báyẹn. Onínọ́ọ̀tì gbójú sókè, nínú gbogbo àwọn tó ń fi í ṣẹ̀sín, Rúùtù nìkan ló wò.

Bàbá Ebenezer, bàbá Ambrose, ni olórí àwọn tafàtafà. Ó gba ọrun náà, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó dá a padà bí ẹni tí ọmọ ọlọ́mọ tọ̀ sí lára.

“Ọrun tí apá rẹ̀ ń bọ́ bí ẹ̀wù,” Bàbá wí. “Igi kan ṣoṣo ni ọrun. Láti orí dé ìdí, ara kan ni. Tí apá rẹ̀ bá ṣẹ́, ó kú nìyẹn. A ó sunkún rẹ̀, a ó sì lọ gbẹ́ òmíràn.”

Àlejò náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó dáhùn. Àfísù ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìsánlú-Ìsin ni, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ọfà títa ní Òmù-Àrán.

“Bàbá, òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n ìdìmú ló mọ ọwọ́ ẹni. Tí apá bá ṣẹ́, ṣé kí ọwọ́ mi gbàgbé ohun tó ti mọ̀ ni?”

Ni àríyànjiyàn bá dé. Àbúdùlàhí, ọdẹ Arandun, ní ó kéré tán, irú ọrun bẹ́ẹ̀ kò ní gún ènìyàn lójú lórí ọ̀kadà. Ẹlòmíràn ní tí òun àti ọ̀rẹ́ òun bá ń yá ara wọn ní apá ọrun, ta ni wọ́n á sọ pé ó pa ẹran? Àfísù ṣàlàyé pé apá tó rọ̀ wà fún ọmọdé, èyí tó le wà fún àgbà, ìdìmú kan náà ló ń gbé gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tó borí. Nígbà tí Àfísù wá dìde tó ta ọfà rẹ̀ lu àárín àmì, inú tún bí wọn sí i.

Kò pẹ́ tí Àfísù fi ń rí ìdí tó fi gbọ́dọ̀ máa gba Èsìẹ́ kọjá. Lónìí ó ń wá ẹni tó ní ìyẹ́ ẹyẹ fún ọfà. Lọ́la ó ní ọ̀nà ibòmíràn kò dára. Búrẹ́dì Òmù-Àrán kì í wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Ìta ilé Rúùtù ló máa ń jókòó sí, lórí bẹ́ǹṣì, níbi tí gbogbo àdúgbò ti lè rí i, kò sì fẹsẹ̀ kan inú ilé. Tíṣà ló ń pe Rúùtù, nítorí pé ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Rúùtù ń fi “ẹ” bá a sọ̀rọ̀ títí, àfi lọ́jọ́ tó ṣèèṣì ní, “Ṣé o ti jẹun?” Láti ọjọ́ náà, kò padà sí “ẹ” mọ́.

Ó sọ fún Rúùtù nípa Jannat, ìyàwó rẹ̀ àtijọ́, tó ti kọ̀ ọ́ tó sì ti wà nílé ọkọ mìíràn ní Ìlọrin.

“Tí mo bá ṣílẹ̀kùn,” Àfísù wí, “tí mo bá ní ẹ kú ilé, èmi náà ni mo máa ń dáhùn.”

Rúùtù mọ ohun tó ń sọ. Òun pàápàá, tó bá ń lọ sílé ẹ̀kọ́ láàárọ̀, kì í pa rédíò rẹ̀, kí ohùn kan lè wà nílé tó bá dé. Ọlọ́run kò tíì fún òun àti Ambrose lọ́mọ kí àìsàn tó mú un lọ. Kò sọ ti rédíò yìí fún ẹnikẹ́ni rí. Ó sọ ọ́ fún Àfísù, ọkùnrin náà kò sì fi rẹ́rìn-ín.

Ọlárónkẹ́, ẹ̀gbọ́n Rúùtù, gbọ́ ní Òmù-Àrán, ó wá. Ó ní Mùsùlùmí ni ọkùnrin náà, ìyàwó sì ti kọ̀ ọ́ rí, ṣé Rúùtù ti múra àtimáa jí sáàrì ni? Rúùtù ní tí oúnjẹ bá ti wà níbẹ̀, òun á jí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi gbàgbé ìbínú tó bá wá. Ní ilẹ̀ Ìgbómìnà wa, ilé wo ni wọn kì í ti í ṣe Kérésì, kí wọ́n sì tún ṣe Iléyá? Ẹ̀rù ìyẹn kọ́ ló ń ba Rúùtù. Ọrun tó wà lára ògiri ló ń bà á lẹ́rù.

Nínú ìdílé àwọn tafàtafà yẹn, tí ọkùnrin bá kú, wọ́n á tú ọsán ọrun rẹ̀, wọ́n á sì gbé ọrun náà kọ́ sí pálọ̀ ìyàwó rẹ̀. Okùn kò ní gun orí rẹ̀ mọ́ láé. Níwọ̀n ìgbà tí ọrun bá wà níbẹ̀, obìnrin náà wà nílé ọkọ, ẹbí á máa gbọ́ tirẹ̀. Ọjọ́ tó bá gbé e padà fún bàbá ọkọ, ó ti jáde nìyẹn, kì í ṣe ìyàwó ilé mọ́. Rúùtù kò ní bàbá mìíràn tó kù láyé ju Bàbá Ebenezer lọ. Tó bá fẹ́ Àfísù, ó gbọ́dọ̀ gbé ọrun padà. Tó bá gbé ọrun padà, bàbá náà ti lọ.

Ọrun ọ̀hún pàápàá ti là. Lásìkò ọyẹ́ kan, bí Rúùtù ṣe ń máàkì ìwé àwọn ọmọ, ó gbọ́ tó dún pá lára ògiri. Ọyẹ́ ti gbẹ ẹ́, apá òkè ti là dé ìdìmú. Kò sọ fún Bàbá. Ó ń ṣe é bí ẹni pé òun ló fi ọkọ òun sílẹ̀ tí ó tún kú lẹ́ẹ̀kejì.

Ọjọ́ tí òjò lé Àfísù wọlé ló rí i. Ó dúró níwájú rẹ̀ pẹ́.

“Fún mi,” ó wí jẹ́ẹ́. “Màá jẹ́ kó tún tẹ̀.”

Rúùtù kò bèèrè bí yóò ṣe ṣe é. Aṣọ òkè ìgbéyàwó rẹ̀ ló fi wé ọrun náà, ó gbé e lé e lọ́wọ́. Ó rò pé Àfísù máa fi awọ dì í ni.

Nígbà tí Àfísù gbé e padà wá, ayọ̀ wà lójú rẹ̀. Rúùtù tú aṣọ òkè. Ìdìmú àtijọ́ ló wà níbẹ̀, dúdú, ó ń dán níbi tí ọwọ́ Ambrose ti máa ń dì í mú. Apá ìsàlẹ̀ náà ló wà níbẹ̀, igi àyán, pẹ̀lú àmì tí Ambrose fi iná jó sí ìpẹ̀kun rẹ̀. Àmọ́ apá òkè ti di ọparun tuntun, funfun báláú, nọ́ọ̀tì sì ń kọ mànà níbi tí wọ́n ti gé igi.

“O gé e,” Rúùtù wí.

“Kò ṣeé dì mọ́, Tíṣà. Ó ti là jù. Mo ní kí n tọ́jú èyí tó ṣeé tọ́jú fún ọ. Apá òkè nìkan ni mo pààrọ̀.”

“Ìwọ sì ni apá òkè.”

Àfísù wolẹ̀. “Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò ní kí n lé e jáde. Mo ní kí a jọ wà níbẹ̀ ni.”

“Máa lọ, Àfísù. Jọ̀ọ́. Má wá mọ́.”

Ó lọ lóòótọ́, kò sì wá mọ́. Inú bí Rúùtù pé ó lọ, inú tún wá ń bí i pé ó gbọ́ràn tó bẹ́ẹ̀. Ó ti ọrun náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nítorí pé kò lè gbé e kọ́, kò sì lè jù ú nù. Òjò lọ, ọyẹ́ tún dé. Tí ọ̀kadà bá dún lójú ọ̀nà, á dá ọwọ́ dúró lórí ohun tó bá ń ṣe, ọ̀kadà náà á sì kọjá. Ó ń se oúnjẹ tó pọ̀ jù fún ẹnì kan, ó sì ń jẹ ẹ́ ní tútù. Lọ́jọ́ kan ó dé láti ilé ẹ̀kọ́, rédíò ti kú, ilé pa lọ́lọ́. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta pẹ̀lú báàgì lọ́rùn, kò lè wọlé.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló gbé ọrun náà lọ sọ́dọ̀ Bàbá Ebenezer.

Bàbá ń họ igi ọfà níwájú ilé. Òun nìkan ló ń gbé ibẹ̀ láti ìgbà tí Ìyá Ambrose ti ṣáájú. Rúùtù kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀: pé ọrun là, pé òun fi pa mọ́, pé òun gbé e fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ ilé, pé wọ́n ti gé e, pé òun fẹ́ràn ọkùnrin tó gé e. Ó ní kí Bàbá máa bú òun.

Bàbá kò bú u. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ibi nọ́ọ̀tì, ó ní kó mú ọsán ọrun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn wá. Ẹ̀rù ba Rúùtù, nítorí pé okùn kì í gun ọrun òkú. Ṣùgbọ́n Bàbá so ó, ó dìde, ó dojú kọ igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìpẹ̀kun àgbàlá, ó ta. Ọfà náà ń mi orí lójú ọ̀nà bí ẹni tó ń tòògbé, ó sì kọjá lókè ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó ta òmíràn, bákan náà ni.

“Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́,” Bàbá wí. “Ìyàwó mi, àwọn tó ń lo irú ọrun yìí, ṣé apá kan ni wọ́n máa ń pààrọ̀?”

“Mi ò mọ̀, Bàbá.”

“Lẹ́yìn ọjọ́ tí mo bú u ní pápá, mo bèèrè. Méjèèjì ni wọ́n ń pààrọ̀ pọ̀. Apá tó ti gbó ti mọ bó ṣe ń tẹ̀, tuntun ń ṣagídí. Tó o bá so wọ́n mọ́ ìdìmú kan, wọ́n á máa fa ara wọn, ọfà kankan ò ní lọ tààrà níbẹ̀ láé. Ọmọ yẹn mọ èyí jù mí lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ó mọ̀ pé ọrun yìí ò ní wúlò, ó sì ṣe é bẹ́ẹ̀.”

“Kí ló dé, Bàbá?”

“Kò fẹ́ gba Ambrose lọ́wọ́ rẹ.”

Rúùtù sunkún níbi tó kúnlẹ̀ sí. Bàbá tún jókòó. Ó tú okùn, ó wá fi ọwọ́ àgbà rẹ̀ mú nọ́ọ̀tì tó ti ń fi ṣẹ̀sín, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀ títí ó fi bọ́. Ó yọ apá ọparun, ó fi í sílẹ̀. Ó yọ apá àyán, ó gbé èyí sórí itan.

“Èyí tèmi ni,” ó wí. “Èmi ni mo bí i. Ìwọ, mú ìdìmú lọ. Ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, mi ò lè ní kó o jọ̀wọ́ ìyẹn.”

Nígbà tí Rúùtù bojú wẹ̀yìn lójú ọ̀nà, Bàbá ṣì ń fi etí agbádá rẹ̀ nu apá ọrun náà. Rúùtù pe fóònù Àfísù níbi tó dúró sí.

“Tíṣà,” Àfísù dáhùn.

“Ìdìmú nìkan ló kù lọ́wọ́ mi.”

“Apá mélòó ni kí n gbẹ́?”

“Méjì.”

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, Rúùtù gbé oúnjẹ lọ fún Bàbá bó ṣe máa ń ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀ bóyá òun ṣì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Apá àyán ti wà lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò Ìyá Ambrose. Bàbá jẹun díẹ̀, ó sì ń wo ìta. Láti ọjọ́ tí Rúùtù ti wọ ilé wọn, ìyàwó ni Bàbá ń pè é. Lọ́jọ́ yẹn, orúkọ rẹ̀ ló pè, bí bàbá ṣe ń pe ọmọ rẹ̀.

“Rúùtù. Ṣé ó ti ń gbẹ́ wọn?”

“Ó ti ń gbẹ́ wọn, Bàbá.”

“Sọ fún un kó má tíì so okùn sí i. Kó kọ́kọ́ gbé e wá síbí. Mo fẹ́ fojú ara mi wo bí méjèèjì ṣe ń tẹ̀ kí ẹ tó máa lò ó.”

Rúùtù ní òun á sọ fún un. Ó kó àwo oúnjẹ, ó lọ fọ̀ ọ́ lẹ́yìn ilé, ó sì pẹ́ níbẹ̀ ju bí àwo náà ṣe tó lọ.