Ẹ̀dà Eyín Méje

Ẹnu ni Kọ́ládé kọ́kọ́ rí lára Tẹjúmádé, kì í ṣe ojú. Ó la ẹnu sílẹ̀ gbayawu lórí àga ilé ìtọ́jú eyín kan ní Festac, itọ́ ń kán sí i lágbọ̀n. Kọ́ládé ló ń ṣe eyín àtọwọ́dá níbẹ̀. Ó wò ó dáadáa.

"Àǹtí, mi ò tíì lè ṣe eyín yìí."

Ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn ni wọ́n ti yọ eyín ẹ̀yìn kan nísàlẹ̀. Eyín òkè tó dojú kọ ọ́ ti rọra sọ̀kalẹ̀, ó ti gba àyè náà.

"Eyín tí kò bá rí èkejì rẹ̀ á máa wá a bọ̀ ni," Kọ́ládé ní. "Ẹ jẹ́ ká dá a padà sókè ná. Oṣù méje."

"Oṣù méje kẹ̀! Richard ń ti Canada bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀!" Mọ́mì Tẹjúmádé ló pariwo, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti fẹ̀yìntì. Richard ni wọ́n fẹ́ kó fẹ́ ọmọ wọn. "Ẹ ṣáà bá a ki nǹkan síbẹ̀."

"Á fọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, Mà."

Tẹjúmádé nu ẹnu. "Mo máa dúró, Mọ́mì."

Dókítà Yíwọlá, obìnrin tó ni ilé ìtọ́jú náà, yí súkúrù kékeré méjì wọ egungun òkè, wọn ò ju hóró ìrẹsì lọ. Ó fi rọ́bà so eyín náà mọ́ wọn kó lè máa fà á sókè. Oṣooṣù ni Tẹjúmádé ń ti ọ̀nà jíjìn ní Kuje wá pààrọ̀ rọ́bà. Oṣooṣù náà ni Kọ́ládé ń po ìyẹ̀fun, tó ń kì í sí i lẹ́nu láti fi ya ẹ̀dà eyín rẹ̀.

"Tẹjú, ti òní dùn bí?"

"Bíi kéèyàn máa jẹ ògiri."

"Ògiri kì í rùn bíi míńtì. Má gbé e mì o."

Richard dé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló béèrè ìgbà tí irin yẹn máa kúrò. Kò béèrè bóyá ó ń dùn ún. Kọ́ládé ń béèrè lójoojúmọ́ lórí fóònù. Tẹjúmádé sọ fún Richard pé òun ò ṣe mọ́, ìyẹn sì padà sí Canada. Mọ́mì ò bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀ fọ́jọ́ mẹ́rin.

Nígbà tí oṣù méje pé, eyín òkè ti gòkè, Kọ́ládé sì fi tuntun sísàlẹ̀. Mọ́mì wá wò ó. Wọ́n rí ẹ̀dà eyín méje tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì funfun ṣe lórí pẹpẹ, déètì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Dókítà, ṣé gbogbo èyí lẹ lò?"

"Méjì là ń lò, Mà. Ti ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí. Kọ́ládé, ta ló rán ẹ níṣẹ́ yìí?"

Kọ́ládé wolẹ̀. "Kò sẹ́ni, Mà. Mo fẹ́ kó máa pẹ́ lórí àga ni."

"Tẹjú, o gbọ́? Ó ń tàn ẹ́ jẹ!"

"Mo ti mọ̀ látoṣù kejì, Mọ́mì. Mo bi nọ́ọ̀sì. Mo ṣáà ń la ẹnu ni."

Mọ́mì mú ẹ̀dà kan lórí pẹpẹ, wọ́n yí i wò.

"Kọ́ládé, níbo làwọn òbí ẹ ń gbé?"

"Abúlé Adó, Mà."

"Kí wọ́n wá kí wa ní Sátidé. Kó o sì kó eyín ọmọ mi méjèèje dání."